Ẹrù Tí Kò Gbọdọ̀ Bá Àga àti Ibùsùn Wọ Ọkọ̀

Nínú gbogbo ohun tí ìdílé ń kó lọ sí ibùgbé tuntun, epo bẹntiróò ló léwu jù láti dì mọ́ ẹrù. Ká ní ìdílé kan ń kó láti Lomé lọ sí Kambolé ní Togo: láti Lomé dé Sokodé tó nǹkan bí 340 kìlómítà, ọkọ̀ á sì tún yà sí ìlà-oòrùn gba Tchamba kó tó dé Kambolé. Jálẹ̀ ọ̀nà ni oòrùn ń pa ẹrù tó wà lábẹ́ tàpólì. Epo kò sì nílò ooru púpọ̀: kódà ní ìwọ̀n 40 sẹ́ńtígréèdì sísàlẹ̀ òdo, ó ṣì lè tú oru tó ń gbiná. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán. Kì í gòkè. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti àárín àpótí ló ń kóra jọ sí, títí iná sìgá tàbí iná tó ta lára wáyà bátìrì yóò fi kàn án.

Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbẹ ló ń tan èèyàn jẹ jù. Oru bẹntiróò kì í gbiná àfi tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan, láti nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú kẹ́ẹ̀gì tó kún, oru ti pọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ. Inú èyí tí wọ́n ti da epo rẹ̀ nù ni afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọlé bá díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀. Ní Togo, níbi tí wọ́n ti ń ta epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní boudè nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú ilé. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Ní ti alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fa epo inú wọn gbẹ, kí wọ́n ṣí ìdérí táǹkì sílẹ̀ níta gbangba kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí wọ́n sì tú wáyà bátìrì.

Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bí ìlọ́po méjì. Olómi ló wà nínú àgbá rẹ̀. Tó bá jò, á fẹ̀ ju ìlọ́po igba lọ. Kí wọ́n dá àgbá padà fún olùtajà, kí wọ́n wá òmíràn níbi tí wọ́n ń lọ.

Agbègbè Tchamba jẹ́ ilẹ̀ iṣu, àgbàdo àti òwú, nítorí náà oògùn apakòkòrò àti oògùn ìpakoríko ń bẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ewu ńlá gbáà ni àwọn oògùn yìí jẹ́ fún ọmọdé: tí ìgò oògùn bá dà sórí mátíràsì, fífọ̀ lásán kò lè yọ ọ́ tán, orí rẹ̀ ni ọmọ yóò sì máa sùn. Omi Javel àti ásíìdì ìfọṣalángá kò sì gbọdọ̀ wà nínú páálí kan náà. Tí wọ́n bá dà pọ̀, klorín ni wọ́n ń tú jáde, gáàsì tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi pa èèyàn ní Ypres, ní Belgium, lóṣù kẹrin ọdún 1915.

Fún àwọn tó ń kó lọ sí Yúróòpù, òfin tún le sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2016, bátìrì lítíọ́mù-ion tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàálù akérò. Inú báàgì ọwọ́ ni power bank ń wà. Ẹran àti wàrà láti Togo kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nínú ẹrù arìnrìn-àjò. Iṣu tútù nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, àmọ́ ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn kò nílò rẹ̀.

Àwọn ohun kan kò léwu rárá, síbẹ̀ wọn kò yẹ nínú ọkọ̀ akẹ́rù: ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, owó, wúrà àti oògùn. Ara èèyàn ni kí wọ́n wà. Insulin tí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń lò máa ń bàjẹ́ nínú ooru, nítorí náà inú kúlà ni kó wà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó.