Ìrọ̀rùn Èrò àti Iye Ọkọ̀ Nínú Ètò Rélùwéè

Ojú irin kò gba Ìbòkun kọjá, kò sì dé Iléṣà. Ará Ìbòkun tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, àfi kí ó lọ sí Òṣogbo tàbí Ìkìrun. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ó ń gbé Èkó, tí wọ́n ń jí ní ìdájí láti wá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kókó ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé ìrọ̀rùn èrò kò bẹ̀rẹ̀ lórí àga. Iye ọkọ̀ tí a pèsè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọkọ̀ bá ń fi wákàtí 2 lọ tí ó fi ń bọ̀, tí a sì fẹ́ kí ọ̀kan máa gbéra ní ìṣẹ́jú 20-20, ọkọ̀ 6 ni a nílò. Bí a bá dín in kù sí ìṣẹ́jú 10, ó di 12. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa wọ ilé àtúnṣe. Ẹni tí ó nílò 6 tí ó sì ra 6 péré, 5 ni yóò ní lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ náà, bí èrò 600 bá ń péjọ láàárín ìṣẹ́jú 20, 1,200 ni yóò dúró de ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé èyí tí kò wá. Bí wọ́n ti ń rọ́ wọlé, ilẹ̀kùn kò ní tètè tì. Ọkọ̀ yóò pẹ́, èrò yóò sì tún pọ̀ sí i ní ibùdó tí ó kàn.

Ohun kejì ni irú ọkọ̀. Ọ̀nà Aláwọ̀ Pupa, láti Agbádo dé Òyìngbò, ni a ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, ọdún 2024. Ọkọ̀ Talgo méjì tí Ìpínlẹ̀ Èkó rà fún un ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni a kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún, láti máa ná Milwaukee sí Chicago. Ìpínlẹ̀ náà kò sì lò wọ́n. Nínú ọkọ̀ ìrìn àjò jíjìn, àga a máa pọ̀, ilẹ̀kùn a máa mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ibùdó 8 ni ó wà láàárín kìlómítà 27 yìí. Ẹni tí ó wọ̀ ní Agége tí yóò sọ̀ ní Ìkẹjà nílò ilẹ̀kùn gbígbòòrò àti irin ìdìmú ju tìmùtìmù lọ. Bí a bá yọ àga díẹ̀, àyè ìdúró yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó dúró bá ti ju ènìyàn 4 lọ lórí mítà kan níbùú lóròó, ara bẹ̀rẹ̀ sí í há. A kò sì gbọdọ̀ fi àga du arúgbó àti aboyún.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ìjọba tó ra ọkọ̀, ó yẹ kí ó ka èrò ní aago méje òwúrọ̀, kí ó wọn àkókò àlọ àti àbọ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ ìrọ́pò kún un. Bí ọjọ́ kan bá wà tí wọ́n dábàá irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ láàárín Òṣogbo àti Iléṣà, kí á má ṣe kọ́kọ́ béèrè bí àga rẹ̀ ti rí. Ìbéèrè wa ni pé: ọkọ̀ mélòó ni, mélòó ni yóò sì ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́?