Ọwọ́ Tó Ń Kú Lóru àti Abẹ́rẹ́ Ọrùn Ọwọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nídìí tábìlì ìlera wa ní àsàláátù ọjọ́ Àìkú: "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ń kú lóru. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ steroid kan wà tí wọ́n ń gún sí ọrùn ọwọ́. Ṣé kí n lọ gbà á?" Àwọn ìyá wa tó ń ránṣọ, àwọn onídìrí àti àwọn aláboyún ló ń béèrè jù.

Nínú ọrùn ọwọ́, níhà àtẹ́lẹwọ́, ihò tóóró kan wà. Egungun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, awọ líle kan ló sì bò ó lókè. Okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka gba ibẹ̀ kọjá, pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Bí ibẹ̀ bá wú díẹ̀, iṣan ìmọ̀lára yìí ni ìyà ń jẹ. Àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ní carpal tunnel syndrome. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là, ìka àárín àti ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e ni yóò máa kú, tàbí kí wọ́n máa ta bí abẹ́rẹ́. Ọmọńdinrín kì í sí nínú rẹ̀. Òru ló máa ń le jù: èèyàn á jí, á sì máa gbọn ọwọ́. Àwọn kan ti fi í sun ará ilé ọkọ wọn, bẹ́ẹ̀ kò kàn wọ́n rárá.

Steroid inú abẹ́rẹ́ yìí, bíi methylprednisolone tàbí triamcinolone, ń mú kí wíwú ibẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má ṣe fi wé kóró dexamethasone tí àwọn kan ń gbé mì láti fi sanra. Ìyẹn ń kó bá gbogbo ara.

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ní England, wọ́n fún àwọn kan nínú èèyàn 234 ní abẹ́rẹ́ 20 mg, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa de ọrùn ọwọ́ lóru. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yá jù, nígbà tó di oṣù mẹ́fà, kò sí ìyàtọ̀ mọ́. Ní Sweden, wọ́n dán an wò lára èèyàn 111 tí dídè kò ràn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2013. Nínú àwọn tó gba 80 mg, nǹkan bí 73 nínú 100 ló ṣì ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún kan tó pé. Nínú àwọn tí abẹ́rẹ́ tiwọn kò ní oògùn nínú, 92 ni. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìsinmi ni abẹ́rẹ́ yìí ń fúnni, kì í ṣe òpin àìsàn.

Ìdí nìyí tí a fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdè de ọrùn ọwọ́ lóru, kó lè wà ní títọ́. Ẹ tú u bí ẹ bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, kí omi lè kàn án. Ti aláboyún sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Bí kò bá gbọ́, tí oorun kò sì ṣeé sùn, abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n gún, kì í ṣe ní kẹ́místì àdúgbò. Bí ìrora bá ta dé ìka bí iná mànàmáná nígbà tí wọ́n ń gún un, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ lè ti kan iṣan. Awọ ojú ibẹ̀ lè funfun díẹ̀.

Ẹni tí ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń gbẹ, tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má dúró de abẹ́rẹ́ kankan. Oníṣẹ́ abẹ ni kó lọ rí kíákíá, torí iṣan tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ pẹ́ lè má padà bọ̀ sípò tán.

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Ṣúgà yín lè gòkè fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ẹni tí kò tíì yẹ ṣúgà wò rí náà, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àtọ̀gbẹ gan-an wà lára ohun tó ń fa àìsàn ọwọ́ yìí.

Ti ààwẹ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ti OIC, nínú ìpàdé wọn ní Jeddah ní 1997, sọ pé abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹni tí dókítà bá fún lọ́jọ́ nínú Rámádàánì kò ní láti sún un di ẹ̀yìn Ìtúnu, àyàfi alátọ̀gbẹ, tó yẹ kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ṣúgà àti ààwẹ̀ náà pọ̀.