Ṣé o mọ̀? Ewé ẹ̀wà ń fi àìní ilẹ̀ hàn

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ewé ẹ̀wà ti kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ wò? Bí ó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó, náítírójìn ni a máa ń fura sí, nítorí ẹ̀wà lè fà á kúrò lára ewé àgbà fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Èròjà irin kì í rìn bẹ́ẹ̀. Bí irin bá wọ́n, ewé ọ̀dọ́ tó wà lókè ni yóò pọ́n, iṣan rẹ̀ á sì ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Èròjà molybdenum ló ń tan èèyàn jẹ, pàápàá lórí ilẹ̀ tó ní ásíìdì púpọ̀. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni ẹ̀wà ń lò. Àmọ́ láìsí i, bakitéríà inú kókó gbòǹgbò kò lè sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ, ewé á sì pọ́n bí ẹni pé náítírójìn nìkan ni kò sí. La kókó náà wò: èyí tó ń ṣiṣẹ́ máa ń pupa nínú.

Fún irin, ìdánwò kan wà tó wù mí gan-an. Po iron sulphate díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí o fi kun apá kan ewé tó pọ́n. Bí ibẹ̀ bá tutù padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, irin ni ẹ̀wà ń wá. Irin lè pọ̀ nínú ilẹ̀ ẹfun, síbẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i fà.

Àrùn àti omi tó dá rogún náà máa ń mú kí ewé pọ́n, nítorí náà gbé erùpẹ̀ àti ewé lọ fún àyẹ̀wò kí o tó ra ajílẹ̀.