Ìwé Ìjọba Lọ́wọ́ Ará Ìlú

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: ó jọ pé èyí ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà rò ní ọdún 1813, tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí a pín ìwé àkọsílẹ̀ ìjókòó wọn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ gbogbo.

Láti inú àṣẹ yẹn ni ètò pípín ìwé ìjọba fún àwọn ilé ìkàwé ti dìde. Ilé ìkàwé tí ó bá wọ inú ètò yìí kì í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ohun ìní olóhun ni ó ń bá ìjọba tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀mọ̀wé, ìbáà ṣe àgbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ó bí ìwé ni wọ́n fi ń tò ó, bí oríkì ti ń sọ orísun ọmọ: bí lẹ́tà A nìkan bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ni ó ti wá.

Òfin tí ó wù mí jù ni pé ilé ìkàwé tí kì í ṣe àgbà ní agbègbè rẹ̀ kò gbọdọ̀ da ìwé nù kí ọdún 5 tó pé, àti pé kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìkàwé àgbà agbègbè náà.