Ẹ̀ńjíníà Kọ̀ǹpútà Ìgboro: Ta Ló Yẹ Kó Máa Sáré Tẹ̀lé Windows?

Ní ìlú bí Ìfọ́n àti Ìlobùú, inú fìláàṣì ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà ni irinṣẹ́ kíkọ kọ́ọ̀dù sábà máa ń gbà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Dátà wọ́n, iná kò dúró, ta ló fẹ́ jókòó ti ohun tó tó gígábáìtì mélòó kan títí yóò fi wọlé? Ẹ̀ńjíníà ló mọ ẹ̀dà tí Windows rẹ máa gbà, òun náà lo sì máa bú bí kò bá ṣí. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe láìsí i.

Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí: ṣé kí wọ́n rọ̀ mọ́ irinṣẹ́ àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, àbí kí wọ́n máa lé tuntun kiri?

Àwọn tó rọ̀ mọ́ ti àtijọ́ kò sọ̀rọ̀ lásán. Èdè BASIC ti wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sẹ́kọ́ńdírì tipẹ́, QBasic tí Microsoft fi kún MS-DOS 5 ní 1991 kò sì tó 1MB. Ọmọ á kọ ìlà kan, á rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò 16-bit ni, Windows 64-bit kì í sì í ṣí i. Windows 10 tó jẹ́ 32-bit ṣì ń gbà á. Windows 11 kò tiẹ̀ ní 32-bit rárá. Ni wọ́n bá ń gbé DOSBox wọlé, èyí tó máa ń díbọ́n bíi kọ̀ǹpútà ayé MS-DOS. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wọ DOSBox tán, aago ti fẹ́ẹ̀ lù, kò sì tíì kan BASIC. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ìrọ̀rùn.

Ti Visual Basic 6 tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1998 ló jáde, oṣù kẹrin 2008 sì ni Microsoft jáwọ́ nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Síbẹ̀, ètò ìṣirò owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan fi í kọ nígbà náà lè ṣí lórí Windows 11, torí pé Microsoft kò yọ ohun tó ń gbé e ró kúrò. Ẹ wá sọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ pé àtijọ́ ti kọjá!

Àwọn tó ń pariwo tuntun ń fi Python yangàn, wọn ò sì jẹ̀bi. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì rẹ̀ lórí Windows kò sì ju nǹkan bíi 25MB sí 30MB lọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé Python 3.8 ló gbẹ̀yìn tó gba Windows 7; láti 3.9, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2020, ilẹ̀kùn ti tì. Ìlànà àwọn tó ń ṣe Python ni pé ẹ̀dà tuntun kò ní ru ẹrù Windows tí Microsoft bá ti pa tì. Microsoft pa Windows 7 tì ní January 14, 2020, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Windows 10 ní October 14, 2025. Bí wọ́n bá sì ní kí o lọ sí Windows 11, wọ́n á béèrè ṣíìpù ààbò TPM 2.0 àti, tó bá jẹ́ pírósẹ́sọ̀ Intel ni, jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú ńkọ́? Ogbó tó mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀ náà ló ń lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà Windows 11.

Ti kíráàkì kò yẹ kó gba ẹnu wa rárá. Láti 2014 ni Microsoft ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irinṣẹ́ kíkọ kọ́ọ̀dù Visual Studio Community lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí ẹ̀dà tí wọ́n jí, tí fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀. Fáìlì kékeré tí Microsoft ń fúnni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń lọ fa ìyókù wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè kó gbogbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi í sórí ẹ̀rọ púpọ̀ láìsí dátà. Ẹ̀ńjíníà tó bá ṣe ìyẹn ló jẹ owó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tó ń lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kọ́ọ̀dù. Python 3.8 lórí Windows 7 tí kò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì á kọ́ ọ ní ohun tí tuntun máa kọ́ ọ lọ́dún kìíní. Tí ẹ̀rọ náà bá máa dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ fi Linux sí i, Python sábà máa ń bá a wá.

Ẹ̀yin òbí àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń ra kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit, ẹ béèrè jẹnẹréṣọ̀n rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe olùkọ́ tó máa lò ó síbẹ̀.