Ẹ Là Á, Kí N Rí Inú Rẹ̀

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Kétu nílùú Èkó, tí ẹ wọ ọjà èso Ìkòsì, ìró kan wà tí ẹ máa gbọ́ kí ẹ tó rí ẹni tó ń ṣe é. Kò, kò, kò. Àwọn tó wá ra wọ́tàmẹ́lọ̀n ni. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan gbé e, wọ́n á fi ìka ọwọ́ kejì kàn án, wọ́n á dẹ etí sí i. Ìyá mi mọ ìró yẹn débi pé ó lè sọ fún ọ pé èyí ti gbó, èyí ò tíì gbó, èyí ti ń bàjẹ́ nínú. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ èyí tó fẹ́ fi ṣe àlejò, kì í gbára lé etí rẹ̀ nìkan. Á ní, "Ẹ là á, kí n rí inú rẹ̀." Ẹni tó ń tà á á fi ọ̀bẹ gé ojú onígun mẹ́ta kékeré sí i lára, á fa èyí tó gé yọ, á gbé e síwájú wa. Bó pupa, ó pupa. Bó funfun, kò sẹ́ni tó máa fẹnu sọ ọ́ di pupa.

Ìró ìka yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn ní táàmù tó kọjá, nígbà tí wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ òbí ní ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ilé-iṣẹ́ kékeré mẹ́ta tó ń tẹ ìwé ìtàn ọmọdé ló wá bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ka ìwé wọn, wọ́n dára. Ìtàn tí ọmọ àdúgbò wa lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn sì ní ìwé Yorùbá tí àmì orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí ọmọ á ti máa kàwé lórí fóònù òbí rẹ̀. Nítorí pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, wọ́n ní kí èmi wò ó, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dọ̀ ta ni ohun àwọn ọmọ wa ò ti ní séwu.

Kí ni ohun àwọn ọmọ wa? Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo ṣí béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, kíláàsì, orúkọ ilé-ìwé, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù ìyá. Èkejì fẹ́ kí ọmọ ka ojú-ìwé kan sókè, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí tíṣà lè gbọ́ bó ṣe ń kà á. Ẹ ro ìyẹn pọ̀ ná. Ẹ kó orúkọ, fọ́tò, ohùn àti ilé-ìwé ọmọ ọdún méje jọ síbì kan, kó wá bọ́ sọ́wọ́ àjòjì. Ohun tó kù fún ẹni náà kò ju pé kó dúró lẹ́nu géètì ní agogo méjì ọ̀sán, kó pe ọmọ lórúkọ, kó ní, "Mọ́mì rẹ ní kí n wá mú ọ." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí níbòmíràn pé ohun ọmọdé tú síta. Ní November 2015, ẹnì kan wọ inú kọ̀ǹpútà VTech, ilé-iṣẹ́ Hong Kong tó ń ṣe ohun ìṣeré àti tábílẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ fún ọmọdé. Learning Lodge lọ̀rọ̀ náà kàn, ìyẹn ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí ti ń gba géèmù àti ìwé ìtàn fún ọmọ wọn. Àkọsílẹ̀ òbí bíi mílíọ̀nù 4.8 ló bọ́ sọ́wọ́ olè, àti ti ọmọdé tó lé ní mílíọ̀nù 6. Fọ́tò àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá òbí wọn sọ náà wà níbẹ̀. Ní January 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san $650,000 fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí pé ó gba ohun ọmọdé láì gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí bó ṣe yẹ, tí kò sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní 2017, ó kan CloudPets, ẹranko ìṣeré onírun tí òbí lè fi ohùn ránṣẹ́ sọ́mọ nínú rẹ̀. Ohùn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù rárá. Òbí tó rìnrìn-àjò fi ohùn sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí sì lè jókòó síbì kan kó máa gbọ́ ọ.

Lókè òkun, wọ́n ti sọ fífi ìka kan ilé-iṣẹ́ láti ìta, bí ẹni ń kan wọ́tàmẹ́lọ̀n, di òwò ńlá. BitSight bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011, SecurityScorecard tẹ̀ lé e ní 2013. Wọn kì í wọ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á máa wo ohun tí gbogbo ayé lè rí lára ilé-iṣẹ́ kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá fún un ní máàkì bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Ti BitSight ń lọ láti 250 dé 900. Lẹ́tà ni SecurityScorecard ń lò, láti A dé F. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó rẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ bá dòwò pọ̀. Ilé-ìwé wa ò lówó yẹn, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà. Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Observatory. Ẹ tẹ àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì sí i, ẹ dúró díẹ̀, á fún yín ní lẹ́tà.

Mo kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ gba A. Ti èkejì gba C. Ti ẹ̀kẹta gba F.

Mo tún kan ibòmíràn, ìyẹn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹnikẹ́ni lè kọ ímeèlì kó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i, bí ẹni tó kọ orúkọ oníṣòwò mìíràn sára apẹ̀rẹ̀ tòmátì tirẹ̀ ní ọjà Mile 12. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní DMARC. Ẹni tó ni orúkọ náà ló ń kọ ọ́ síta gbangba fún àwọn tó ń gba lẹ́tà: bí ẹ bá rí lẹ́tà tó ń jẹ́ orúkọ mi tí kò ti ọ̀dọ̀ mi wá, ẹ dà á nù, tàbí ẹ yà á sọ́tọ̀, tàbí ẹ jẹ́ kó kọjá. Láti 2024 ni Google àti Yahoo ti ní kí ẹni tó bá ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́ ní in; lọ́dọ̀ Google, ìyẹn ni bíi 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré ò tó iye yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Ti àkọ́kọ́ ní "ẹ jẹ́ kó kọjá." Àwọn méjì yòókù ò kọ nǹkan kan.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìròyìn tí ǹ bá jẹ́ fún ìgbìmọ̀ rọrùn: ẹ mú ẹni tó gba A. Mo tilẹ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo wo ibi tí A yẹn ti wá. Wẹ́bùsáìtì àkọ́kọ́ kò sí nílé ara rẹ̀. Ó háyà yàrá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun tó ń kọ́ ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àìmọye ènìyàn. Géètì onílé ni mo ti ń kàn láti ìgbà yẹn. Ẹ̀kẹta ní tirẹ̀ wà nínú ohun tí àwa ará Kétu máa pè ní "face-me-I-face-you": ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, àdírẹ́sì kan náà, bí ayálégbé mẹ́wàá tó ń lo balùwẹ̀ kan. Bí ẹni tó wà ní yàrá kẹrin bá ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́, orúkọ gbogbo ilé ló ń bàjẹ́. Àwọn tó ń wo báńkì láti ìta lè mọ ohun tí wọ́n ń wò, nítorí pé báńkì ní ilé tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwé ọmọdé tí ènìyàn mẹ́ta ń ṣe nínú yàrá kan, onílé rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ ni máàkì yẹn máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn jù.

Àwọn tó ń ṣe ìwé tiẹ̀ ti rí irú jìbìtì kan tí ìka kankan ò lè gbọ́. Láti bíi 2016 ni Filippo Bernardini, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ rí ní Simon & Schuster ní London, ti ń kọ ímeèlì sí àwọn òǹkọ̀wé àti olóòtú bí ẹni pé òun ni ẹni tí wọ́n mọ̀, tó ń ní kí wọ́n fi ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀ ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tó lé ní 160 ló fi orúkọ jíjọra gbà. Ìwé tó rí gbà lé ní 1,000 kí wọ́n tó mú un ní New York ní January 2022. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: ẹ kọ r, ẹ kọ n tì í, ẹ wò ó lórí fóònù kékeré. rn. Ojú tó ń sáré á kà á sí m. DMARC ò lè rí i, nítorí pé àdírẹ́sì olè náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ó sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ìwé nílé-ìwé wa nìkan ló lè rí i, bó bá fara balẹ̀.

Mo wá ṣe bíi ìyá mi. Mo pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ wọn: kí lẹ ní nípa ọmọ mi, ibo ló wà, àwọn wo ló lè ṣí i, ìgbà wo lẹ máa pa á rẹ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba A yọ̀ mọ́ mi. Ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín," ó fi líǹkì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo tẹ̀ ẹ́, mo bá ara mi nínú ìwé Google Sheets tí orúkọ ọmọ gbogbo ilé-ìwé tó ń ra ìwé wọn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà òbí. Wọn ò béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti ní líǹkì lè wọlé. Mo pa á dé kíákíá, mo pè é padà, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ fi àwọn sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, líǹkì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Obìnrin tó gba C ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì pa ohùn ọmọ kankan rẹ́. Ibo ni wọ́n wà? Ọmọkùnrin tó kọ ètò náà fún wọn ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ti jápa lọ sí Kánádà, pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ráyè á dáhùn ìpè.

Ẹni tó gba F rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. "Àwa ò mọ orúkọ ọmọ kankan, sà." Nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà, káàdì kan wà tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ọmọ á tẹ nọ́ńbà yẹn, á yan ẹranko kan láti inú ìtàn wọn, á máa kàwé. Tíṣà ló ní ìwé tí ó kọ ọ́ sí pé nọ́ńbà báyìí, ọmọ báyìí. Bí olè bá fọ́ wẹ́bùsáìtì wọn lọ́la, ohun tó máa kó kò ju ehoro àti erin tó ka ojú-ìwé méjìlá lọ. Mo bi í léèrè ẹni tó gbà á nímọ̀ràn. Ó ní kò sẹ́ni. Òun náà ní ọmọ.

Òfin ti wà fún ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa. Ní 12 June 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò ohun ìdánimọ̀ ènìyàn. Òfin náà ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ohun ọmọdé. Bí ohun tú síta lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, kí wọ́n sọ fún NDPC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, láàárín wákàtí 72. Ìtanràn tó pọ̀ jù fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò tóbi ni ₦2 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ kékeré. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ti èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ìwé tó dára fún ọmọ wa ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń ṣe é sì ń fi owó oúnjẹ wọn ṣe é ni.

A mú ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n F ni F ń jẹ́: wẹ́bùsáìtì rẹ̀ ṣì ń lo ètò àtijọ́ tí olè ti mọ ojú ihò rẹ̀, olè tó bá wọ ibẹ̀ sì lè yí ìwé tí ọmọ ń kà padà sí ohun mìíràn. Èmi àti òun jókòó ní ọjọ́ Sátidé kan, a tún ètò náà ṣe, a kọ DMARC rẹ̀ sí "ẹ dà á nù," a fi ẹ̀rí kejì sórí ímeèlì rẹ̀ kí pásíwọ́ọ̀dù nìkan má lè ṣí i. Iṣẹ́ náà gbà wá ní ọ̀sán kan, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Nígbà tí mo tún kàn án, B ló gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ ti líǹkì yẹn pa ní alẹ́ ọjọ́ tí mo pè é, ó sì kọ sí gbogbo ilé-ìwé tó kàn láti sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn nira fún un. A ti ní kó padà wá bá wa ní táàmù tó ń bọ̀.

Níbi tí nǹkan dé báyìí, ọmọ mi obìnrin ni Ìjàpá 0417. Ó ti ka ìwé mẹ́rin. Orúkọ tí a sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ wà nínú ìwé kan, ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì wà lọ́rùn tíṣà.