Láti Niamey dé Kaduna: Kí ni ìdánwò awakọ̀ bàálù ológun ń wò lára ọ̀dọ́, báwo sì ni èèyàn ṣe lè múra sílẹ̀ fún un?

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fa bàálù Cessna 208 méjì lé orílẹ̀-èdè Niger lọ́wọ́ nílùú Niamey. Àmọ́ kì í ṣe bàálù nìkan làwọn akọ̀ròyìn gbé jáde lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́bìnrin ológun kan wà níbẹ̀, Ouma Laouali, ẹni ọdún 28, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ bàálù ní Niger. Amẹ́ríkà ló ti lọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, lára ètò tí wọ́n fi ń ran Niger lọ́wọ́ láti kojú Boko Haram.

Àwòrán irú èyí máa ń wu ọ̀dọ́. Ohun tí àwòrán kì í fi hàn ni ọ̀nà tó gbé èèyàn dé ẹ̀gbẹ́ bàálù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdánwò kan wà lójú ọ̀nà náà tí kò jọ ti iléèwé, tó sì ti já àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa kulẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lè má rí àǹfààní náà mọ́. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lẹnikẹ́ni lè ṣe ìdánwò awakọ̀ bàálù ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò kó tó fọwọ́ kan bàálù?

Owó àti ẹ̀mí ni ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù ológun wọ́n gan-an, bàálù tó bá sì já kì í dá já, ó máa ń gbé èèyàn lọ ni.

Lọ́dún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá ìdánwò tí wọ́n ń ṣe wúlò lóòótọ́. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní 1,000 jọ, wọ́n ṣe ìdánwò fún gbogbo wọn, àmọ́ wọn ò lo èsì rẹ̀ láti dá ẹnikẹ́ni padà. Àtẹni tó yege àtẹni tó fìdí rẹmi, gbogbo wọn ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ó hàn kedere pé àwọn tí máàkì wọn ga ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ yege. Nínú àwọn tí máàkì wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ìparí.

Síbẹ̀, ìdánwò kì í mú ewu kúrò. Lásìkò ogun kan náà, ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RAF. Àbúrò Stella Thomas ni, obìnrin tó kọ́kọ́ di adájọ́ májísírééti ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 1942, Peter di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò ọ̀gá ológun gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bàálù nínú RAF. Ìjàmbá bàálù ló gbẹ̀mí rẹ̀ lóṣù Kínní ọdún 1945.

Kí gan-an ni wọ́n ń wò?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fẹ́ bi wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe pàtàkì ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń tètè kọ́ nǹkan tuntun, àti bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè gbé iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láì dàrú.

Nínú yàrá awakọ̀, ojú ń ka aago, etí ń gbọ́ àṣẹ láti ilẹ̀, ọwọ́ wà lórí ọ̀pá ìdarí, ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dáàlì, ọpọlọ sì ń ṣírò bóyá epo á gbé e délé. Ìyá olóúnjẹ tó ń bu ìrẹsì, tó ń gbowó, tó ń ka ṣéńjì, tó sì ń rántí pé oníbàárà kẹta ló ní kí òun má fi ata sí tòun, ti mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Orúkọ ìdánwò náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní AFOQT àti TBAS, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà àti ọ̀pá ìdarí ṣe. Ọmọ ogun ojú omi wọn ní ASTB. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CBAT ni ti RAF. Láwọn ilẹ̀ tó ń sọ èdè Faransé, bíi Niger, Benin àti Togo, wọ́n máa ń pe irú rẹ̀ ní tests psychotechniques. Àwọn ohun tí wọ́n ń wò jọra púpọ̀:

Kíka aago bàálù. Wọ́n á ya àwòrán aago méjì. Ọ̀kan á fi hàn pé imú bàálù dorí kodò, apá rẹ̀ sì tẹ̀ sí òsì. Èkejì á fi hàn pé gúúsù ló dojú kọ. Olùdíje á wá mú èyí tó bá aago náà mu láàárín àwọn àwòrán bàálù mélòó kan. Nínú ẹ̀dà AFOQT tí wọ́n ń pè ní Form T, ìbéèrè 25 ló wà ní ẹ̀ka yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n sì fún wọn.

Kíka tábìlì nọ́ńbà. Èèyàn á wá nọ́ńbà kan níbi tí ìlà tó wà ní ìbú àti èyí tó wà ní òró ti pàdé. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Àmọ́ 40 ni ìbéèrè rẹ̀, ìṣẹ́jú méje ló wà fún un. Ìyára ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Ọwọ́, ojú àti etí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ASTB, ọ̀pá ìdarí á wà lọ́wọ́ kan, èyí tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì á wà lọ́wọ́ kejì. Bí olùdíje ṣe ń lé àmì kan kiri lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà àti lẹ́tà á máa wọ etí rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ etí kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó fi gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é láì ṣe àṣìṣe. Wọ́n fẹ́ rí bóyá ẹni tó ṣàṣìṣe á padà sẹ́nu iṣẹ́ kíá, tàbí ó máa dúró máa kábàámọ̀.

Ìwà. Wọ́n tún máa ń béèrè irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ìbéèrè kan náà lè padà wá lọ́nà mìíì, ẹni tó bá ń parọ́ á sì tako ara rẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe lè múra sílẹ̀?

Yorùbá ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èèyàn ò lè há ìdáhùn ìdánwò yìí sórí, àmọ́ ẹni tó bá ti rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí kò ní fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ṣòfò lórí ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ìṣirò orí ni ìbẹ̀rẹ̀. Kò nílò kọ̀ǹpútà, kò nílò owó. Bí bàálù bá ń sáré 240 kìlómítà ní wákàtí kan, kìlómítà mẹ́rin ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku 100 kìlómítà, ìṣẹ́jú 25 ló kù. Bó bá ń jó lítà epo mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, lítà 75 ló nílò. Ẹni tó bá ń ṣe irú ìṣirò mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, á rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìkejì ni mímọ ibi tí èèyàn dojú kọ. Awakọ̀ bàálù ń fi dígírì ka ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé: 360 ni àríwá, 90 ni ìlà oòrùn, 180 ni gúúsù, 270 ni ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀dọ́ tó wà ní Niamey lè fi pápákọ̀ òfurufú Diori Hamani kọ́ ọ. Ọ̀nà tí bàálù ń sáré lé níbẹ̀ ní nọ́ńbà 09 lápá kan, 27 lápá kejì. Bí èèyàn bá fi òdo kan kún un, ó ti rí 90 àti 270. Bàálù tó gbéra láti 09, ìlà oòrùn ló dojú kọ. Bó bá wá yà sọ́wọ́ òsì ní 90 dígírì ńkọ́? Àríwá ni. Ẹni tó bá ní láti yí ara rẹ̀ ká lórí ìjókòó kó tó dáhùn ṣì nílò ìdánrawò sí i.

Ìkẹta ni ọwọ́. Géèmù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi wa bàálù lè ran èèyàn lọ́wọ́ láti mọ̀ pé bí wọ́n bá fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, imú bàálù á gbéra. Ẹni tí kò ní in lè máa fetí sí ìròyìn lórí rédíò, kó sì máa ka gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá dárúkọ, bó ṣe ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ mìíì.

Ìkẹrin ni oorun. Ẹni tó sùn dáadáa sàn ju ẹni tó kàwé mọ́jú lọ, torí ọpọlọ tó ti rẹ̀ kì í lè pín ara rẹ̀ sí méjì.

Èdè àti ara tún ń béèrè tiwọn

Fún ọmọ Niger tó fi èdè Faransé kàwé, ògiri míì wà lẹ́yìn ti ìṣirò. Àwọn ológun ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ ECL. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ lo oṣù mélòó kan níléèwé èdè tó wà ní ibùdó Lackland nílùú San Antonio, ní Texas, kí wọ́n tó rí ìdí bàálù. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Pọ́tònóvò tàbí Kétu bákan náà.

Àyẹ̀wò ara tún wà. Wọ́n á yẹ ojú wò, títí kan bóyá èèyàn lè dá àwọ̀ mọ̀. Ìwé aláwọ̀ tótòtó tí dókítà ọmọ Japan, Shinobu Ishihara, gbé jáde lọ́dún 1917 ni wọ́n ṣì ń lò níbi púpọ̀. Ó dáa kí ọ̀dọ́ ti mọ ibi tí ojú rẹ̀ dé kó tó náwó sórí ohun mìíì.

Jẹnotáìpù náà ti di ọ̀rọ̀ rí. Títí di ọdún 1981, iléèwé àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tó jẹ́ AS. Wọ́n pa òfin náà tì lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Òfin orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe ti òmíì, nítorí náà ẹni tó jẹ́ AS ní láti béèrè níbi tó ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kó má kàn fúnra rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò.

Ilẹ̀kùn wo ló ṣí lónìí?

Niger nílò awakọ̀ bàálù. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ, láti Niamey dé Diffa lẹ́bàá Adágún Chad sì lé ní 1,000 kìlómítà. Ọmọ ogun tó bá farapa lọ́hùn-ún, bàálù ló lè tètè gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá.

Àmọ́ ọ̀nà tí Ouma Laouali gbà kò rí bó ṣe rí mọ́. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Faransé kúrò ní Niger kí ọdún náà tó parí, Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì fi Ibùdó 101 tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Niamey sílẹ̀ lóṣù Keje ọdún 2024. Orílẹ̀-èdè tó bá ń kọ́ni níṣẹ́ ló ń pinnu èdè tí wọ́n á fi kọ́ ọ àti irú ìdánwò tí wọ́n á ṣe fún un. Bí ọ̀rẹ́ ìjọba bá yí padà, ìwé tí ọ̀dọ́ ń kà lè yí padà pẹ̀lú. Ìṣirò, ojú tó ń tètè rí nǹkan àti ọkàn tí kì í tètè dàrú kì í yí padà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ń gba iléèwé ológun NDA ní Kaduna kọjá. Ibẹ̀ ni Tolúlọpẹ́ Aróṭìlé, ọmọ Iffe ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, wọlé sí lọ́dún 2012, tó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n fi àmì ìyẹ́ awakọ̀ sí i láyà, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kan náà ni Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ajagun. Aróṭìlé kú lóṣù Keje ọdún 2020 nínú ìjàmbá ọkọ̀ ilẹ̀ ní Kaduna, ẹni ọdún 24.

Ọdún márùn-ún ló lò níléèwé NDA kó tó gboyè ọ̀gá ológun, ó sì tún lo ọdún méjì sí i kó tó gba ìyẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ń wo àwòrán rẹ̀ tàbí ti Ouma Laouali lónìí kò ní bàálù nílé tó lè fi dánra wò. Ó ní ìwé ìṣirò, ó ní aago lára ògiri, ó sì ní ọ̀nà pápákọ̀ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló lè ti bẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ ìdánwò tó dé.